Ìtàn Yín Ti Gùn Jù: Ibi Tí Ẹ Ti Máa Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Gé E

Ẹni tó bá kọ ìtàn àròsọ dé òpin ti ṣe iṣẹ́ ńlá, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àmọ́ bí ìwé náà bá tó 168,000 ọ̀rọ̀, bí tèmi ṣe tó nígbà tí mo parí rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù lórí rẹ̀. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ girama níbí l'Ọ́fà, alẹ́ ni mo fi ń kọ̀wé. Àwọn tó ń kọ ìtàn káàkiri Kwara, láti Òmù-Àrán dé Tánkẹ̀ n'Ílọrin, máa ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn wò ó. Ohun tí mò ń rí níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ìtàn tó dáa ni, ọ̀rọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe gé tèmi kù sí 104,000 ni mo fẹ́ ṣàlàyé, inú rẹ̀ náà ni mo sì ti máa mú àpẹẹrẹ.

Kí ẹ lè máa bá mi bọ̀, ohun tí ìtàn náà dá lé nìyí. Àṣàkẹ́ ń ta ànàmọ́ ní ìdíkọ̀ rélùwéè Ọ̀fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Làmídì, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, kò padà wálé. Àwọn ẹbí fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá wọn. Àṣàkẹ́ ní kò séwu, àfi kí Làmídì dé kó fọwọ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìwé yín ṣe gùn tó. Iye ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ ojú Microsoft Word, lápá òsì. Àwọn tó ń kọ ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé 80,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀ ló tó fún ìtàn àròsọ àgbàlagbà. Ẹ má fi ìyẹn wọn ti Yorùbá tààrà. Ọ̀rọ̀ tiwa kúrú, a sì ń kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "mo ti ń bọ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà. Ojú-ewé ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi rò ó. Bí ìwé bá jẹ́ irú èyí tó jẹ́ ìdajì bébà tí a fi ń tẹ lẹ́tà, ojú-ewé kan á gba nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló sì máa ń tẹ ojú-ewé 16 pọ̀ sórí bébà ńlá kan, kí wọ́n tó ká a, kí wọ́n sì gé e; bébà ńlá kọ̀ọ̀kan yẹn ni mò ń pè ní abala. 168,000 ọ̀rọ̀ jẹ́ ojú-ewé 560, ìyẹn abala 35. 104,000 ò kọjá abala 22, ojú-ewé 352. Ẹni tó bá máa fowó ara rẹ̀ tẹ̀wé, kó ṣírò abala 13 tó wà láàárín wọn, bébà, íńkì àti owó ìdìwé, kó tó sọ pé òun ò lè gé nǹkan kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Ẹ fún ẹ̀dà yẹn lórúkọ tuntun, kí ẹ fi ògbólógbòó sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ẹ wá ṣí fáìlì òfìfo kan, kí ẹ pè é ní "Àgékù". Ohunkóhun tí ẹ bá gé, ibẹ̀ ni kí ẹ kó o lọ. Ọwọ́ tó bá mọ̀ pé nǹkan ò sọnù kì í gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún oṣù kan, ó kéré tán, kí ojú yín lè tutù sí i.

Iṣẹ́ tó le jù kò ní gígé nínú rárá. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí i, ìbéèrè tí òǹkàwé ń tìtorí rẹ̀ ṣí ojú-ewé tó kàn. Tèmi ni: "Ṣé Àṣàkẹ́ máa gbà kí wọ́n ta ilẹ̀ náà kí Làmídì tó dé?" Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Gbogbo orí, gbogbo ẹ̀dá-ìtàn, gbogbo ìjà àti gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú ìwé náà ní láti wá jẹ́jọ́ níwájú bébà yẹn. Bí ìbéèrè tiyín bá ní "àti" nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé méjì lẹ ń kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òmù-Àrán mú iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ìbéèrè tirẹ̀ ni bóyá ọmọ náà máa rí bàbá rẹ̀ àti bóyá ìlú máa fi ẹni tó tọ́ jọba. Ìtàn méjèèjì dáa. Mo ní kó kọ ti ọmọ yẹn tán ná, kó tọ́jú ti ọba pamọ́ fún ìwé mìíràn. Ó kọ́kọ́ bínú, ó padà ṣe é, ìdajì ìwé náà ló sì kúrò láìsí pé ó pa gbólóhùn kan lára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ìwé yín látòkè délẹ̀ láì gé nǹkan kan. Ẹ mú ìwé irú èyí tí àwọn ọmọléèwé ń lò. Bí ẹ bá ti ka orí kan tán, ẹ kọ ìlà kan nípa rẹ̀: kí ló yí padà níbẹ̀? Ẹ má kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o, ohun tó yí padà ni. "Àṣàkẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó" jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Àṣàkẹ́ gbọ́ níbi ìgbéyàwó pé wọ́n ti gba àsansílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà" ni ohun tó yí padà. Nínú orí 42 tí mo ní, 11 wà tí mi ò rí nǹkan kọ síwájú wọn. Wọ́n dùn-ún kà, ọ̀kan tiẹ̀ wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, níbi tí òjò ti ká àwọn oníṣòwò mọ́ abẹ́ òrùlé ìdíkọ̀ tí wọ́n sì ń pàlọ́. Nígbà tí òjò dá, gbogbo ohun tó wà ṣáájú òjò náà ló ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sí Àgékù.

Télọ̀ tó fẹ́ dín bùbá tó tóbi jù kù kì í ti ibi bọ́tìnì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjú sí, wọ́n á máa yọ "gan-an" àti "púpọ̀" níkọ̀ọ̀kan. Oṣù kan á lọ lórí orí kan tí wọ́n ṣì máa wá yọ pátá. Nínú 64,000 ọ̀rọ̀ tí mo gé, ó ju 45,000 lọ tó jẹ́ odindi orí, odindi ẹ̀dá-ìtàn, odindi ìrìn-àjò. Àwọn ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé.

Ẹ fura sí orí àkọ́kọ́ títí dé ìkẹta. Ó ti mọ́ wa lára láti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ̀dá-ìtàn, ká sọ ọ́ lórúkọ, ká fi ilé bàbá rẹ̀ hàn, ká tó wá tọ́ ọ dàgbà lójú òǹkàwé. Ìsọmọlórúkọ Àṣàkẹ́ ni tèmi fi bẹ̀rẹ̀: àwọn aáfà lórí ẹní, àgbò lẹ́yìnkùlé, adúrà lóríṣiríṣi. Mo yọ gbogbo rẹ̀. Ìwé náà wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Kánò dúró tí Làmídì ò sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo nílò nínú ìsọmọlórúkọ náà ni pé ọwọ́ Làmídì, tó ṣì kéré, ni wọ́n gbé ọmọ náà lé nígbà tí aáfà pe orúkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan ló gbà, ní orí keje, lẹ́nu ìyá wọn, nígbà tí inú ń bí i.

Ẹ wo àwọn èèyàn inú rẹ̀. Àṣàkẹ́ ní àǹtí mẹ́ta: ọ̀kan ń yá a lówó, ọ̀kan ń sọ òótọ́ fún un, ẹ̀kẹta ń ṣòfófó rẹ̀ fún àwọn ẹbí. Mo sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹnì kan, Ìyá Gàníyù. Nǹkan tí mi ò retí ni pé ìtàn náà gbóná sí i. Tẹ́lẹ̀, Àṣàkẹ́ lè sá fún olófòófó. Ní báyìí, ẹni tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni ẹni tó ń yá a lówó, òun náà lẹni kan ṣoṣo tí kì í parọ́ fún un. Kò rí ibi sá sí. Bí ẹ bá ní ẹ̀dá-ìtàn tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ò ju ẹyọ kan lọ, ẹ bèèrè ẹni tó lè bá a ṣe é.

Àlàbá ló dùn mí jù. Ayàwòrán ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí Ọjà Ọba n'Ílọrin, ó sì fẹ́ fi Àṣàkẹ́ ṣaya. Orí mẹ́fà ló ní. Mo mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo mọ òórùn yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tí mo bojú wo bébà ara ògiri, Àlàbá ò kan ilẹ̀, kò kan Làmídì; bí kò bá sí, Àṣàkẹ́ á ṣe gbogbo ohun tó ṣe. Ọ̀nà tí mo fi dán an wò nìyí, ẹ̀yin náà lè lò ó: mo ka orí tó ṣáájú tirẹ̀, mo fò, mo ka èyí tó tẹ̀lé e. Kò sí ibi tó ti rú mi lójú. Mo gbé orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ojú má baà tì mí láti ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú èyí kì í dunni.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé inú ìwé Yorùbá ni mo ti ń rí i jù, òun ni sísọ ìtàn tí òǹkàwé ti fojú rí. Wọ́n jà ní ìdíkọ̀. A wà níbẹ̀. Àṣàkẹ́ délé, ó ro ó fún ìyá rẹ̀. Ó lọ sọ́jà, ó ro ó fún Ìyá Gàníyù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ro ó fún ìmáàmù. Ìgbà mẹ́ta ni òǹkàwé máa gbọ́ ohun tó ti mọ̀. "Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́" ti tó. Àfi bó bá parọ́ nínú rẹ̀. Bí Àṣàkẹ́ bá yí ibì kan padà nígbà tó ń rò ó fún ìmáàmù, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tó yí yẹn, nítorí pé èyí ti di ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun.

Ìwádìí náà ńkọ́? Ó máa ń ṣòro láti gé nítorí pé a jìyà ká tó rí i. Mo ti kọ ojú-ewé mẹ́ta nípa bí ojú irin ṣe ti Èkó wá, bó ṣe dé Ìbàdàn ní 1901, bó ṣe gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin àti Jẹ́bà, tó wá forí lé Òkè Ọya. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ànàmọ́ ni Àṣàkẹ́ ń tà, kò ro ti ọdún tí wọ́n la ojú irin. Ohun tó kù ni pé bàbá àgbà rẹ̀ wà lára àwọn tó gbẹ́lẹ̀ fún un, pé owó iṣẹ́ yẹn ló sì fi kọ́ ilé àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dídá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Ní 27 May 1967 ni, West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di Kwara; ojú-ewé méjì ni mo fi ṣàlàyé ìyẹn. Nínú èyí tó kù, bàbá kan ń ka ìwé ìròyìn nídìí igbá ànàmọ́, ó ní, "Wọ́n mà tún ti yí orúkọ wa padà." Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ dákun, ti eélòó lẹ fẹ́ rà, sà?" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ọdún tí a wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ṣì rí obìnrin kan tó ń wá owó oúnjẹ.

Obìnrin kan n'Ílọrin gbé àwọn ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ lọ sí Èsìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta. Ó wá kó gbogbo ìtàn ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, pé ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pé òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo bi í pé ère wo ni ọmọbìnrin inú ìtàn náà dúró tì. Ó ní obìnrin tó jókòó ni, nítorí pé ó jọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìyẹn ò sí nínú ìwé rárá. Mo ní kó kọ ọ́ sí i, kó sì yọ ìyókù.

Ẹ ṣọ́wọ́ ná oríkì. Ìyá àgbà Àṣàkẹ́ ki ìdílé wọn lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé mi tẹ́lẹ̀, láti "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀" títí lọ, gígùn rẹrẹẹrẹ. Bó ṣe dùn tó gan-an ló jẹ́ kí n yọ méjì dànù. Ó wá ku ibì kan. Wọ́n ti tẹ́ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti ti páàdì íńkì sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Àṣàkẹ́ pé kó tẹ̀ka, ìyá àgbà tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀ wá ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà," ó sì panu mọ́. Ìlà kan péré ni. Gbogbo ọmọ Ọ̀fà tó ti kà á ló bá mi sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀.

Ìrìn-àjò kì í pẹ́ gé. Mo ti to gbogbo ọ̀nà Ìlọrin sílẹ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìdọ̀fìàn, Gánmọ, ẹni tó jókòó ti Àṣàkẹ́, ohun tí dírẹ́bà sọ. Nǹkan kan ò yí padà nínú mọ́tò náà. "Ọ̀sán ti pọ́n kí mọ́tò tó já a sí Ìlọrin" ló rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ ìkíni gba sùúrù. A kì í pàdé ká má kí ara wa, ìdí nìyẹn tí ìwé wa fi ń kún fún "Ṣé àlàáfíà lẹ jí?" àti "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Òǹkàwé mọ̀ pé wọ́n kíra, "wọ́n kíra tán" ti gbé e. Èyí tó yẹ kó wà ní odidi ni ìkíni tó bá kù díẹ̀ káàtó, tàbí tó pọ̀ ju bó ti yẹ, tàbí tí wọn ò jẹ́. Nígbà tí bàbá kékeré Àṣàkẹ́ wá bá a lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ojú-ewé kan àti ààbọ̀ ni ìkíni wọn gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni: "Àṣàkẹ́ kí i lóòró, agbọ̀n lórí." Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìyẹn ti mọ̀ pé ogun dé.

Ẹ wá sídìí òwe. Àgbàlagbà inú ìtàn mi kan ń pẹ̀tù sí Àṣàkẹ́ lọ́kàn, ó ní sùúrù ni baba ìwà, ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó ní igbá pẹ̀lẹ́ kì í fọ́, àwo pẹ̀lẹ́ kì í ya. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ohun kan náà. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òwe tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ má tiẹ̀ parí rẹ̀:

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, Àṣàkẹ́..."

"Ẹ̀sọ̀ náà ni mo fi mú un, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fipá gbà á."

Òǹkàwé ló bá wa parí òwe náà nínú ọkàn rẹ̀, Àṣàkẹ́ sì ti fi ìdajì tó kù dáhùn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àwọn òǹkàwé wa náà, ọmọlúàbí ni wọ́n.

Bí àwọn ńlá bá ti kúrò tán, ẹ wá lè sọ̀ kalẹ̀ sídìí gbólóhùn. Bí orí kejì mi ṣe bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí:

"Àṣàkẹ́ jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ náà. Ó dìde lórí ẹní tí ó sùn lé, ó ká ẹní náà, ó sì fi í ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó bọ́ síta, ó bu omi, ó fi bọ́jú. Lẹ́yìn tí ó bọ́jú tán, ó wọlé padà, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó sì wé gèlè. Ó gbé agbọ̀n ànàmọ́ rẹ̀ rù, ó kọrí sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Nígbà tí ó dé ìdíkọ̀ náà, ó rí i wí pé ọkọ̀ ojú irin tí ó ń bọ̀ láti Kánò kò tíì dé. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an ni, nítorí wí pé ó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú."

Bó ṣe wà báyìí nìyí:

"Ọkọ̀ Kánò ò tíì dé nígbà tí Àṣàkẹ́ sọ agbọ̀n ànàmọ́ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀. Kò ṣí i. Ẹni méjì bèèrè eélòó, kò dá wọn lóhùn. Ojú irin ló ń wò."

Kò tó ìdajì, kò tiẹ̀ jìnnà sí ìdá mẹ́ta. Gbogbo èèyàn ló ń jí tó ń bọ́jú, a ò ní láti sọ ọ́. "Inú rẹ̀ bàjẹ́" kúrò nítorí pé oníṣòwò tí kò ṣí agbọ̀n rẹ̀ lójú oníbàárà ti sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ẹ kíyè sí i pé ẹni méjì tó ń bèèrè iye owó yẹn ò sí nínú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù láti fi nǹkan kékeré kan kún un, bó bá lè gba ipò nǹkan mẹ́jọ.

Èdè wa ní irinṣẹ́ tó ń dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ lò ó. "Ó fi ìbínú dìde láìsọ ohunkóhun, ó sì yára jáde kúrò nínú ilé náà" kò ju "Ó dìde fùú, ó jáde" lọ. "Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún" lè di "Ó bú sẹ́kún". "Ó dá a lóhùn, ó ní" kò ju "Ó ní" lọ. "Ní àkókò tí ó jẹ́ wí pé" kò ju "nígbà tí" lọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè bí ẹ ṣe ń gé e. Àsọtúnsọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìlù rẹ̀ ló gbé gbólóhùn dúró. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹnu á kọsẹ̀. Ẹ dá ìyẹn padà.

Olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tèmi ni "bẹ̀rẹ̀ sí í". Ẹ lè fi Ctrl àti F wá tiyín káàkiri ìwé, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lókè, irú bíi ẹ̀ tàbí ọ́, ọ̀nà ìtẹ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa á rí wọn bákan náà, kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá tẹ apá kan ìwé náà lórí fóònù, tí ẹ tẹ ìyókù lórí kọ̀ǹpútà, ó lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà ò sí mọ́ nígbà tí ogún ṣì wà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá da ọ̀rọ̀ náà kọ láti inú orí tí mo tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, màá wá a. Màá tún da á kọ láti inú èyí tí mo tẹ̀ lórí fóònù, màá tún un wá.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo kọ̀ láti gé. Àwọn àgbà inú ìwé mi ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìbọ̀lọ́, bí a ṣe ń sọ ọ́ l'Ọ́fà. Ẹnì kan tó kà á ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá àjùmọ̀lò, pé á kúrú, á sì yá kà. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ní Ìgbómìnà tàbí n'Ílọrin, ẹ fi ohùn ilé yín sílẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn yín. Ibẹ̀ kọ́ ni ìwé ti ń gùn. Mo tún fi ìdúnàádúrà kan sílẹ̀ ní odidi, ojú-ewé kan gbáko. Nínú ọ̀pọ̀ tí mo ní, òun nìkan ni Àṣàkẹ́ ti tajà ní iye tó kéré sí iye tó rà á, tó mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, nítorí pé Kánò lẹni tó ń rajà náà ń lọ.

Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti tó, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí ẹ fún ẹni méjì tí kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ẹ má ní kí wọ́n sọ bóyá ó dáa; wọ́n máa ní ó dáa. Ẹ fún wọn ní bírò, kí wọ́n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí oorun ti gbé wọn, ibi tí wọ́n fò, àti ibi tí wọ́n ti gbé e sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Níbi tí ìlà àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ẹ padà síbẹ̀ láì jiyàn.

Ohun tó kù ni wíwá òkú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ ti yọ á ṣì máa yọjú níbòmíràn. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ láti orí kìíní dé ìparí, kí ẹ tún wá ohun tó ṣe, ohun tó mú wá, ohun tó sọ. Lẹ́yìn tí Àlàbá lọ, fọ́tò Làmídì tó yà ṣì wà lára ògiri yàrá ìyá wọn ní orí 23, ìyá wọn ń nù ún lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó yà á mọ́. Mo ronú títí. Ìyá Gàníyù ló wá mú un wá, ó ní ẹnì kan láti Kánò ló fi rán òun, kò sì gbà láti sọ ẹni náà. Ìyẹn bí orí tuntun kan tó gba ojú-ewé mẹ́rin, mo sì jẹ́ kó wà. Ẹ yẹ ọjọ́ orí wọn wò, ẹ yẹ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wò, ẹ wo ẹni tó mọ àṣírí wo àti orí tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ wá tún nọ́ńbà àwọn orí tò kí ẹ tó gbé e lọ fún olóòtú.